Bádéjọ Fọ̀rọ̀ Wá Ara Rẹ̀ Lẹ́nu Wò

Bádéjọ káfíńtà kì í ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí èèyàn bá ní kó kan ìṣó kan ṣoṣo mọ́ ògiri, á kọ́kọ́ wọn ògiri, á wọn ìṣó, á sì jókòó rò ó. Nítorí náà, nígbà tó gbọ́ obìnrin kan lórí rédíò tó ń sọ pé ó yẹ kí kálukú máa dá jókòó lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kó yẹ èrò inú ara rẹ̀ wò, kó sì yọ èyí tó jẹ́ irọ́ dànù bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì, odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi múra.

Ó ra ìwé. Ó fi rúlà fa ìlà sí àárín ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ó kọ Òótọ́ sí apá ọ̀tún, ó kọ Irọ́ sí apá òsì. Ó mú àkókò: àárọ̀ Sátidé, aago mẹ́fà ààbọ̀, kí ariwo Mowe tó gbóná. Ó mú ibi tí yóò jókòó sí: ẹ̀yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì. Ẹ̀yìn èyí ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í kan àga tí yóò máa lò.

"Bàbá Dámiláre, àga mẹ́fà ló wà ní pálọ̀," Ìbíwùnmí ìyàwó rẹ̀ wí.

"Àga àlejò nìyẹn. Eléyìí gba àga tí kò ní jẹ́ kí èèyàn sùn."

"Kí lẹ fẹ́ rò gan-an?"

"Àwọn èrò òdì tó wà lọ́kàn mi."

"Ẹ bi mí. Mo mọ gbogbo wọn."

"Rárá o. Obìnrin yẹn ní àdáṣe ni."

Lọ́jọ́ Sátidé àkọ́kọ́, èrò tó gbé yẹ̀ wò ni pé ohùn òun máa ń ròkè jù. Ìbíwùnmí ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀, òun náà sì ti gbà á gbọ́. Obìnrin orí rédíò ní kí èèyàn máa fi ẹnu bi ara rẹ̀ léèrè, kó sì máa fi ẹnu dáhùn. Bádéjọ wúkọ́, ó bẹ̀rẹ̀.

"Bádéjọ! Ta ló sọ fún ọ pé ohùn rẹ ròkè jù?"

"Ìyàwó mi ni!"

"Yàtọ̀ sí ìyàwó rẹ ńkọ́? Ẹ̀rí wo lo tún ní?"

"Kò sí!"

Ó kọ ọ́ sí apá Irọ́. Ara rẹ̀ fúyẹ́. Ó wọlé lọ sọ fún Ìbíwùnmí pé ètò náà ń ṣiṣẹ́. Ìbíwùnmí ní òun ti gbọ́.

Sátidé kejì, ó gbé èyí tó wúwo. Àlàájì Zubair, tó ń ta sìmẹ́ǹtì ní Ibafo, ló ni ilé tó wà ní ìhà kejì fẹ́ǹsì. Nígbà tó ń parí ilé náà lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, ó mọ̀ pé káfíńtà lòun bá múlé gbé, síbẹ̀ Ifọ̀ ló ti lọ kó ilẹ̀kùn wá. Bádéjọ dúró, ó ka ilẹ̀kùn méje bí wọ́n ṣe ń sọ̀ wọ́n kalẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti gbà pé Àlàájì ò ka òun sí, torí pé ará Ìkirè tó ń gbé ilé háyà lòun. Bí Àlàájì bá ń bọ̀ lápá ibí, Bádéjọ á gba apá ọ̀hún.

"Bádéjọ! Ẹ̀rí wo lo ní pé Àlàájì Zubair ń fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ?"

"Ó lọ gbé ilẹ̀kùn láti Ifọ̀!"

"Ṣé gbogbo ẹni tó bá gbé ilẹ̀kùn láti Ifọ̀ ló ń fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ?"

Ìbéèrè náà le. Ó fi ìdí bírò họ orí.

"Rárá," ló dáhùn. "Irọ́ ni. Àlàájì Zubair ò fojú tẹ́ńbẹ́lú mi."

"Mo ń fojú tẹ́ńbẹ́lú yín o," ohùn kan wí láti ìhà kejì fẹ́ǹsì.

Bírò bọ́ lọ́wọ́ Bádéjọ.

"Àlàájì?"

"Èmi ni. Mo ń fa tẹ̀sùbáà mi lọ́wọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo panu mọ́, torí ọ̀rọ̀ ilé yín ni. Ṣùgbọ́n orúkọ tèmi lẹ dá lónìí."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni mo ṣe?"

"Àna mi ló ń kan ilẹ̀kùn n'Ífọ̀. Ó fi ta mí lọ́rẹ ni, méjèèje. Ṣé kí n dá a padà? Mi ò ní nǹkan kan sí yín nínú nígbà yẹn. Ẹ̀yin lẹ dédé ò kí mi mọ́. Nígbà tí ìyá mi wá kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e, gbogbo àdúgbò ló wá kí mi. Ẹ̀yin gbé pákó léjìká, ẹ kọjá bí ẹni tí ò rí kánópì. Ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fojú tẹ́ńbẹ́lú yín."

Bádéjọ wo ìwé rẹ̀. Irọ́ ni èrò náà nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló wá fọwọ́ ara rẹ̀ sọ ọ́ di òótọ́. Ó rò ó títí, kò mọ ibi tí yóò kọ ọ́ sí.

"Àlàájì, ẹ dákun, apá òótọ́ ni kí n kọ ọ́ sí, àbí apá irọ́?"

Àlàájì padà sídìí tẹ̀sùbáà rẹ̀.

Ìtìjú wá mú un. Ó fi ìwé sílẹ̀, ó yí ká lọ sí géètì Àlàájì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Àlàájì, ẹ kú àṣẹ̀yìndè Ìyá."

"Ó ti pé ọdún mẹ́ta o, Bàbá Dámiláre."

"Mo mọ̀ sà. Ẹ má bínú."

Àlàájì wò ó pẹ́. "Ẹ dìde. Ilẹ̀ tutù."

Sọ̀fíyátù, ìyàwó Àlàájì, gbé ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà wá. Wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu. Nígbà tó yá, Àlàájì wúkọ́.

"Ètò yín yìí, èmi náà ní èrò kan tó yẹ kí n yẹ̀ wò. Àbdùlsàmàd ọmọ mi tó wà nílùú Ọbáfẹ́mi, ó ti tó oṣù méjì tí ò pè mí. Mo bá a wí lórí ọ̀rọ̀ kan. Mo mọ̀ pé inú ló ń bí i."

"Àlàájì! Ẹ̀rí wo lẹ ní?" Bádéjọ bú jáde. Abọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Sọ̀fíyátù.

"Kò pè."

"Ṣé ẹ̀yin pè é?"

"Èmi ni bàbá!"

Bádéjọ mú àkàrà kan, ó bù ú jẹ. Àlàájì wo fóònù rẹ̀, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó sì tẹ nọ́ńbà náà. Kò tíì dún tán tí ọmọ fi gbé e.

"Bàbá mi, ẹ káàárọ̀ sà. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ pè yín. Mo rò pé inú yín ò tíì rọ̀ sí mi ni."

"Ta ló sọ fún ọ bẹ́ẹ̀?" Àlàájì pariwo, omi sì ti lé ròrò sójú rẹ̀.

Bádéjọ rọra gbé ife ẹ̀kọ kalẹ̀. Ó fọwọ́ dágbére fún Sọ̀fíyátù, ó sì jáde lọ. Ó ní wọ́dúróòbù tó gbọ́dọ̀ gbé dé Magboro kí aago mẹ́sàn-án tó lù.