Èèpo Ẹ̀gúsí Lórí Ibùsùn

Mùsílímátù tún gbọn etí aṣọ ibùsùn náà, èèpo ẹ̀gúsí mẹ́ta mìíràn sì jábọ́ sílẹ̀.

"Mùjíbátù, kí ni eléyìí ń wá lórí ibùsùn ìyá mi?"

Ìyàwó àbúrò rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi etí ìró nu ọwọ́. Ó ní ẹ̀gúsí ni.

"Mo mọ̀ pé ẹ̀gúsí ni. Ta ló bó o?"

Mùjíbátù wo ìyá ọkọ rẹ̀ tó dùbúlẹ̀. Ìyá náà ń wo àjà.

Ó ti di oṣù kẹjọ tí Ìyá Àgbà ti ṣubú lẹ́yìnkùlé ní Lalupon, tí kò sì lè dìde mọ́. Oko ni Sàníù, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, máa ń wà láti àárọ̀; ọwọ́ ìyàwó Sàníù ni ìyá wà. Mùsílímátù tó jẹ́ àkọ́bí ń gbé ní Ọlọ́runṣògo, ó sì máa ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì. Bó bá ti dé, ìyá kò ní fọwọ́ kan ṣíbí. Òun ni yóò fi oúnjẹ sí i lẹ́nu, òun ni yóò nu ẹnu náà. Òun ló ra ìrọ̀rí ńlá rírọ̀ kan, tó fi í sábẹ́ orúnkún ìyá, tó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa lágbègbè yẹn: ọwọ́ tó tọ́ni dàgbà, a kì í jẹ́ kó ṣiṣẹ́ mọ́.

Ìrọ̀rí náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Mùsílímátù yọjú sí yàrá kejì, ó rí i lórí àpótí aṣọ Mùjíbátù. Ó wá rántí pé bí òun ti ń wọlé, òun gbọ́ tí ìyá ń ké pé, "Yéè, rọra," àti pé igbe náà dákẹ́ wáí nígbà tí òun sálámà. Àṣé wọ́n ti sọ ìyá òun di alágbàṣe lórí ibùsùn.

Ó pe Roheem, awakọ̀ tó gbé e wá, tó ti lọ jẹun ní Ìyànà Ọ̀fà. Ó ní kó máa bọ̀, ìyá ń bá àwọn lọ.

"Ọkọ mi, ẹ má bínú," Mùjíbátù sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Nọ́ọ̀sì tó ń wá wo Ìyá ló ní kí n yọ ìrọ̀rí yẹn. Wọ́n ní òun ló ń jẹ́ kí orúnkún wọn gan."

"Ìgbà wo?"

"Ó ti tó oṣù méjì. Ọjọ́ tí ẹ bá ní ẹ ń bọ̀ ni mo máa ń dá a padà; ẹ ò sọ tòní."

"O ò sì lè sọ fún mi?"

"Ẹ̀yin lẹ rà á. Ẹnu wo ni n bá fi sọ ọ́?"

Mùsílímátù rẹ́rìn-ín tí kò dénú. Ó bẹ̀rẹ̀ láti gbé ìyá. Ẹsẹ̀ ọ̀tún nà gbọọrọ. Tòsì kò nà, ó ká bí èèkù ọkọ́. Ó wo ọ̀kan, ó wo èkejì.

"Èyí tó ti nà yẹn, ìyàwó yìí ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́," ìyá ní. "Mo máa ń ké, kì í dá mi lóhùn."

"Ẹ̀gúsí ńkọ́, Ìyá?"

"Èmi ni mo bèèrè rẹ̀," ìyá fi oríkì dá ọmọ rẹ̀ lóhùn. "Gbé tẹ̀sùbáà mi fún mi, Àbẹ̀kẹ́."

Nígbà ààwẹ̀, ìka ìyá ti ká kò débi pé Mùsílímátù ló ń bá a ka ìlẹ̀kẹ̀ náà. Wàyí o, àtàǹpàkò rẹ̀ ń tì í lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀ bí ìgbín, kò sì fo ọ̀kankan.

"O bá mi kà á títí," ìyá ní. "Ṣé ìwọ náà lo fẹ́ bá mi gba láádá rẹ̀?"

Roheem fun fèrè mọ́tò níta. Mùsílímátù jáde lọ ní kó ṣì pa á. Nígbà tó padà wọlé, ó kọjú sí Mùjíbátù.

"Fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn mí."

Mùjíbátù gbé ọwọ́ Mùsílímátù kan sábẹ́ gìgísẹ̀ òsì ìyá, ó gbé èkejì lé orúnkún, ó sì fi ọwọ́ tirẹ̀ lé wọn lórí. Wọ́n rọra tẹ̀ ẹ́. Ìyá ké. Mùsílímátù fẹ́ yọ ọwọ́, Mùjíbátù kò jẹ́.

"Ẹ má tíì fi sílẹ̀. Ẹ ka mẹ́wàá."

Mùsílímátù kà á.

Nígbà tó ń lọ, ìrọ̀rí náà nìkan ló mú dání.

"Mi ò ní sọ ọjọ́ tí mo tún ń bọ̀ o."

"Kò burú, ọkọ mi," Mùjíbátù ní. "Ẹ ó bá èèpo nílẹ̀."