Ìrẹsì Àná Tí Kíkẹ́ Ń Tà

Èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ọjà Kíkẹ́ jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ fúnra mi kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́.

Ọmọ ọmọ mi ni Kíkẹ́. Ọdún mẹ́ta ló fi kàwé ní Indonéṣíà. Nígbà tó dé, ó ní ìrẹsì wọn lòun fẹ́ máa tà fún àwọn ará yunifásítì l'Ákùúrẹ́. Lawrence tó ni ṣọ́ọ̀bù fún un ní ọjọ́ mẹ́ta péré: bí èrò bá ń wọlé, kó máa tà lọ, bí wọn ò bá wọlé, kó palẹ̀ ìkòkò rẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ kìíní, ó kọ orúkọ ìrẹsì náà, nasi goreng, sára pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù, ó fi fúráìdì ráìsì tú u. Nasi ni ìrẹsì, goreng ni díndín, kò purọ́. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn wo abọ́, ìrẹsì dúdú tó ń dán ni wọ́n rí. "Ẹ̀dọ̀ dà? Kárọ́ọ̀tì dà?" Wọ́n bínú lọ.

Ló bá pè mí ní Oǹdó. "Màmá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ wá bá mi tú u."

Mo gbé ìdí ńlá yìí wọ mọ́tò, ó di Àkúrẹ́. Mo ní kó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń sè é. Ó ní ìrẹsì tí wọ́n sè lánàá, tó sùn sínú fíríjì, ni wọ́n ń dín, torí pé tòní máa ń lẹ̀ mọ́ra. Tíṣà burúkú! Mo kọ gbogbo rẹ̀ sára pátákó ní Gẹ̀ẹ́sì tó gún régé: ìrẹsì àná tí a dín lónìí pẹ̀lú ẹyin. Mo tún fa ìlà sábẹ́ "àná".

Lọ́jọ́ kejì, ẹnikẹ́ni ò jókòó. Obìnrin kan kà á sókè, ó ní, "Ta ló máa sanwó jẹ àjẹkù?"

Kíkẹ́ ò bá mi jà. Ó kàn ń nu tábìlì tó ti mọ́. Ìyẹn dùn mí ju ìjà lọ.

Lọ́jọ́ kẹta, mo jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, mo ní kó bù ú fún mi kó kún. Ẹyin ń ṣàn lágbọ̀n mi nígbà tí Akínbọ̀wálé ń kọjá pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì. Mo ti na ìdí ọmọ náà rí ní kíláàsì. Ó ti di olùkọ́ yunifásítì báyìí.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà. Ẹ̀yin náà ń jẹ ìrẹsì àná?"

"Kí lo jẹ kó o tó kúrò nílé láàárọ̀ yìí?"

Ó wolẹ̀. "Ìrẹsì tó sùn ni, mà. Ìyàwó mi gbé e kaná."

"Ó dùn àbí kò dùn?"

"Ó dùn ju ti alẹ́ lọ, mà."

"Jókòó, jàre!"

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí, àwọn náà jókòó. Àwọn tó ń kọjá rí wọn, wọ́n yà. Nígbà tó fi máa di aago méjì, abọ́ ti ṣófo.

Mo pa ìlà abẹ́ "àná" rẹ́. Ìyókù wà níbẹ̀.

Lawrence dé nírọ̀lẹ́ láti wá gba kọ́kọ́rọ́, ó bá wa nídìí iná.

"Ẹ ṣì ń se ìrẹsì, mà? Wọ́n ní ó ti tán."

"Ti ọ̀la ni," Kíkẹ́ dá a lóhùn.

Lawrence wo ìkòkò, ó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún un, ó ní kó fi abọ́ kan pamọ́ de òun.