Àsíá Méjì Alcide Pelkey

Ọjọ́ kejì tí Alcide Pelkey jáde láyé ni àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ nínú kíṣìnnì rẹ̀: ta ni yóò dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì láti sọ irú ẹni tó jẹ́?

Àǹtí Philomène, àbúrò olóògbé, ti dá ẹjọ́ náà kí wọ́n tó bu kọfí tán. "Normand ni àkọ́bí. Normand ni yóò sọ̀rọ̀. Ó parí."

Corinne, ọmọbìnrin olóògbé, jókòó ní ọ̀kánkán rẹ̀, ó ń wo ètè rẹ̀. Ó ti di ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta tí etí Corinne ti di, ṣùgbọ́n ètè Àǹtí Philomène kò ṣòro kà rárá. Obìnrin náà máa ń la ẹnu sí i bí ẹni tó ń fún ọmọ ọwọ́ ní ẹ̀kọ mu.

Corinne gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó fi wọ́n sọ̀rọ̀. Normand ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ohùn sọ ọ́ jáde.

"Ó ní òun ni òun máa sọ̀rọ̀."

"Lọ́nà wo?" Àǹtí yíjú sí Normand. "Ṣọ́ọ̀ṣì máa kún fọ́fọ́. Àwọn ológun ojú omi ń bọ̀. Ṣé ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo wa á máa wò bí ẹni ń wo eré?"

Corinne gbá tábìlì kí àwọn méjèèjì lè wo òun. Ó sọ̀rọ̀ kíákíá, ìka rẹ̀ ń fò.

Normand mi orí. "Rárá o. Èmi ò ní sọ ìyẹn."

"Ẹ sọ ọ́, Bọ̀ọ̀dá," ni ọwọ́ Corinne wí.

"Ó ní èèyàn tó bá fẹ́ bá òun jà, kó dojú kọ òun, kó má dojú kọ èmi."

Lorette, ìyàwó olóògbé, wà nídìí sítóòfù. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni, oúnjẹ kò sì tíì kan ẹnu rẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ó yí padà.

"Philo, ta ló ni ọkọ?"

"Ìwọ ni."

"Ó dáa. Corinne ni yóò sọ̀rọ̀. Normand á yá a ní ohùn. Mu kọfí rẹ kó tó tutù."

Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn náà kú sí.

Ẹni tó bá mọ Alcide yóò mọ ìdí tí Corinne fi ta kú. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni Alcide nígbà tó fi Harrow Cove sílẹ̀, ìlú àwọn apẹja létí òkun Maine, tó lọ wọṣẹ́ ológun ojú omi. Ọdún mẹ́rin ló lò lórí òkun Pàsífíìkì. Kì í ṣe ìbọn ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́. Àsíá méjì ni, pupa àti yẹ́lò. Bí àwọn ọkọ̀ ogun kò bá fẹ́ kí ọ̀tá gbọ́ wọn lórí rédíò, Alcide ni yóò gun òkè ọkọ̀ lọ, tí yóò máa na apá síhìn-ín sọ́hùn-ún, tí ọkọ̀ kejì yóò sì máa ka ọ̀rọ̀ náà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Kò ṣìṣe rí. Ó padà délé, ó fẹ́ Lorette Cyr, ó ra ọkọ̀ kan tó kọ orúkọ ìyàwó rẹ̀ sí lára, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ ìgèrè fún alákàṣà. Ó rò pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ àsíá.

Ìgbà tí Corinne pé ọmọ ọdún mẹ́fà ni yírùnyírùn mú un. Ọlọ́run yọ ọ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ méjèèjì bá àìsàn náà lọ. Olùkọ́ kan tí wọ́n mú un lọ bá kìlọ̀ fún Alcide àti Lorette pé wọn kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ bá ọmọ náà sọ̀rọ̀. Ó ní ẹnu ni kí wọ́n fi dandan mú un lò. Bí ó bá ti mọ ọwọ́ lò, yóò ya ọ̀lẹ, yóò sì dà bí òmùgọ̀ lójú ayé.

Alcide wọ fìlà rẹ̀. "Ọ̀gbẹ́ni," ló wí, "ọdún mẹ́rin ni mo fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ lórí òkun. Ọ̀gá àgbà kan kò pè mí ní òmùgọ̀ rí." Ó gbé ọmọ rẹ̀ sí èjìká, ó jáde.

Ó wá aránṣọ kan rí, adití ni, tó ń gbé ní ìrìn wákàtí méjì sí wọn. Gbogbo ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni Alcide ń lọ síbẹ̀ lọ kọ́ èdè ọwọ́, òun nìkan láàárín aṣọ ìgbéyàwó àti abẹ́rẹ́. Bó bá délé, ó di olùkọ́. Kò sẹ́ni tó lè rí ànàmọ́ gbà nídìí tábìlì àfi tó bá fi ọwọ́ tọrọ rẹ̀. Normand mọ̀ ọ́n láàárín oṣù mẹ́ta. Ọwọ́ Lorette wúwo, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń fọ aṣọ, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí kò gbọ́.

Ó ku ohun kan tó ń dun Alcide: bí òun bá ti wà lójú omi, ọmọ náà kò lè rí ìka òun mọ́. Ló bá ya aṣọ tábìlì pupa kan sọ́nà mẹ́rin, ó rán yẹ́lò mọ́ ọn. Méjì fún òun, méjì fún Corinne, ó sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi wọ́n kọ lẹ́tà. Láti ìgbà náà, bí ọkọ̀ rẹ̀ bá ti dé ẹnu èbúté láàárọ̀, yóò dúró ní ìdí ọkọ̀, yóò na apá.

"Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá mi. Ṣé o ti jẹun?"

Corinne á dáhùn láti fàráńdà: "Mi ò fẹ́ ọ́ọ̀tì."

"Jẹ ẹ́."

"Ó ń yọ̀."

"Ẹja náà ń yọ̀. Jẹ ẹ́."

Àwọn apẹja ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Hollis Beal ló burú jù. "Alcide tún ti ń lé eṣinṣin," ni yóò máa wí lórí afárá èbúté, gbogbo wọn á sì máa rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ ìsìnkú pé, ṣọ́ọ̀ṣì kún dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí Fadá Doucette jókòó, Corinne gun pẹpẹ lọ, Normand dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Corinne gbé ọwọ́ sókè. Ó ní òun kò ní ka àkọsílẹ̀ kankan. Ó ní òun fẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lóṣù kẹwàá ọdún tí òun jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ó ní òun nìkan ló wà nílé lọ́jọ́ náà. Normand ti lọ sílé ẹ̀kọ́ gíga, Mọ́mì wà níbi tí wọ́n ti ń di sàdíìnì sínú agolo. Afẹ́fẹ́ le, òun ń sá aṣọ sórí okùn ní fàráńdà, ni òun bá rí ọkọ̀ Dádì lẹ́yìn ẹnu èbúté. Ó ń rọra yí bí ewé. Òun sáré mú awò tó ń fa nǹkan sún mọ́ni. Dádì wà ní ìdí ọkọ̀, àsíá wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ́ńjìnnì kú," ni Normand ń wí bí ọwọ́ àbúrò rẹ̀ ti ń wí. "Rédíò kú. Okùn ìdákọ̀ró ti já. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kò kánjú, ó ń kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kó hàn. Àpáta sì wà lẹ́yìn rẹ̀."

Corinne na ìka sí àga kẹta.

"Ọkùnrin márùn-ún ló wà lórí afárá tí wọ́n ń mu kọfí. Gbogbo wọn rí i. Ọ̀gbẹ́ni Hollis Beal tiẹ̀ juwọ́ sí i padà."

Ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́rìn-ín. Hollis, tó ti di ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, fi fìlà bo ojú. "Òótọ́ ni," ó kígbe láti ìdí àga. "Mo juwọ́! Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi jù ú!"

Ẹ̀rín tún gba ilé. Àǹtí Philomène, tó ti fẹ́ fajú ro, fi ìnujú bo ẹnu rẹ̀, èjìká rẹ̀ ń mì.

Corinne tẹ̀síwájú. Ó ní òun sáré dé orí afárá, òun gbá Hollis mú ní àyà ẹ̀wù. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí òun ti pa ohùn òun mọ́, nítorí pé àwọn ọmọ iléèwé ń sín òun jẹ. Lọ́jọ́ náà, òun pariwo. Òun kò mọ bó ṣe dún. Òun rí i lójú àwọn ọkùnrin náà pé ó dún burúkú, wọn kò sì mọ ohun tí òun ń wí. Ni òun bá gba ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń sàmì sí àgbá ìjẹ ẹja, òun kọ ọ́ gàdàgbà sára àgbá: Ẹ́ńjìnnì ti kú. Àpáta.

"Ọ̀gbẹ́ni Hollis ju kọfí sómi. Ó fò sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó sì fà mí wọ̀ ọ́, torí ó mọ̀ pé èmi nìkan ni mo lè gbọ́ ohun tí Dádì bá wí."

Wọ́n dé ibẹ̀, ìgbì ga ju ọkọ̀ lọ, ẹnikẹ́ni kò lè gbọ́ ẹnikẹ́ni. Corinne dúró síwájú ọkọ̀, Hollis fi okùn so ó mọ́ òpó. Dádì na àsíá: "Ẹ má gba ọ̀tún. Òkúta wà lábẹ́ omi." Corinne yíjú, ó nawọ́ sí òsì, Hollis yí ọkọ̀ sí òsì. Dádì tún ní: "Ẹ dúró. Ẹ jẹ́ kí ìgbì méjì kọjá." Wọ́n dúró. "Ó yá. Ẹ ju okùn." Hollis ju okùn, ó bọ́ sómi. Ó tún jù ú, Dádì mú un. Nígbà tí okùn náà le gan-an, tí ọkọ̀ Lorette sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé wọn, ìdí rẹ̀ kò jìnnà sí àpáta ju bí pẹpẹ ti jìnnà sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ.

"Mo ń sunkún," ni Corinne wí. "Dádì wò mí. Ó rẹ̀ ẹ́, ó tutù, ẹ̀jẹ̀ wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó gbé àsíá. Ohun tó ní ni pé, ṣé o ti jẹun?"

Ohùn Normand já níbẹ̀. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan, ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì, kò jáde. Ó kọjú sí ògiri. Corinne dúró, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú afẹ́fẹ́, gbogbo èèyàn ń wò ó, kò sì sẹ́ni tó lè gbọ́ ọ.

Lorette dìde. Ó di àga mú, ó rìn wá síwájú ní ìwọ̀n tirẹ̀, ó dúró níbi tí ọmọkùnrin rẹ̀ ti dúró. "Máa sọ ọ́, ọmọ mi," ni ọwọ́ rẹ̀ tó wúwo wí. "Rọra ni o. Mo ti dàgbà."

Corinne rọra sọ ọ́. Lorette fi ohùn rẹ̀ gbé e, kò sì gbọ̀n.

"Àwọn ológun kọ ọ́ síwèé pé ọdún mẹ́rin ni Alcide Pelkey fi ṣe atàsíá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ mi wà ní kékeré, ó kọ́ àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ náà ní àsíá. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, tí mo fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ nítorí ẹnì kan ní adití kò lè kọ́ni, ó wa ọkọ̀ wá, ó dúró ní ìta fèrèsé yàrá mi, ó na apá: Padà sínú kíláàsì. Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, èémí ti ń wọ́n ọn lórí ibùsùn, ó ṣì gbé ọwọ́. Ó ní kí n tọ́jú Mọ́mì. Ó ní òun gbádùn ayé òun. Bàbá mi nìyẹn. Èmi kò gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan ṣoṣo kò sì fò mí."

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọn kì í pàtẹ́wọ́ nídìí pósí. Lọ́jọ́ náà, wọ́n pàtẹ́wọ́. Corinne rí i lójú wọn, ó sì gbọ́ ọ láti inú pákó ilẹ̀, ó ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé.

Lórí òkè ní itẹ́ òkú, àwọn ológun ojú omi méjì ká àsíá orílẹ̀-èdè tó bo pósí sí onígun mẹ́ta. Ọmọbìnrin kan nínú wọn kúnlẹ̀ síwájú Lorette, ó sọ ọ̀rọ̀ ọpẹ́ tí wọ́n kọ́ ọ, ó gbé àsíá náà lé e lórí itan. Lorette fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Ṣé ìyá rẹ mọ ibi tó o wà?" Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Wọ́n yin ìbọn lẹ́ẹ̀mẹta, Corinne sì mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní àyà.

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí gbọ̀ngán ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀wà tí wọ́n fi ṣúgà dúdú sè wà níbẹ̀, páì ẹran wà níbẹ̀. Lorette jẹ àwo kan, ó ní kí wọ́n tún bù sí i. Àǹtí Philomène wá jókòó ti Corinne. Kò la ẹnu gbàgà. Ó tẹjú mọ́ ọn, ó sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ bí èèyàn ti ń bá èèyàn sọ̀rọ̀.

"O bu ọlá fún ẹ̀gbọ́n mi. Mo ṣẹ̀ ọ́, Corinne. Má bínú."

Corinne gbá a mọ́ra. Ó gbá a mọ́ra pẹ́.

Hollis yọ orí láti ẹnu ọ̀nà. "Ẹ jáde wá o! Omi ti kún, ẹ jẹ́ ká lọ fi ọkọ̀ dágbére fún Alcide."

Ọkọ̀ mẹ́tàdínlógún ló ti tò sí èbúté. Normand wa ọkọ̀ bàbá rẹ̀ síwájú, Lorette jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó di àsíá onígun mẹ́ta mọ́ àyà, àwọn yòókù tẹ̀ lé wọn. Bí wọ́n ti yọ sí gbangba òkun, gbogbo wọn fọn fèrè ọkọ̀ pa pọ̀. Corinne fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé igi ọkọ̀. Ariwo náà gun apá rẹ̀ wá, ó kún eyín rẹ̀, ó kún egungun àyà rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó pariwo tagbáratagbára, ní ohùn tí òun fúnra rẹ̀ kò gbọ́, kò sì bìkítà bó ṣe dún.

Lorette gbá ọmọkùnrin rẹ̀ lápá.

"Sáré sí i, Normand! Bàbá yín kì í wakọ̀ bí arúgbó!"

Normand ti irin tó ń mú ẹ́ńjìnnì sáré síwájú, imú ọkọ̀ Lorette sì gbé sókè kúrò lórí omi.