Ọṣẹ Ọjọ́ Mẹ́sàn-án

Ohun tí Ìyá Sagbo kọ́kọ́ kọ́ Ọlọ́ládé nípa ọṣẹ sísè kò ju gbólóhùn kan lọ: ọṣẹ tí kò bá tíì gbàgbé eérú, má fi í kan awọ ẹnikẹ́ni. Ogójì ọjọ́ ni ìyá àgbà náà máa ń fún ọṣẹ tirẹ̀. Á gé e, á tò ó sórí àtẹ, á fi aṣọ fẹ́lẹ́ bò ó. Bí ogójì ọjọ́ bá pé, á fi ṣónṣó ahọ́n tọ́ ọ wò. Bí ó bá ta á bí ata, á dá a padà sábẹ́ aṣọ. Bí kò bá ta á, ó ti pé nìyẹn.

Ọlọ́ládé kì í ṣe ọlọ́ṣẹ. Ọmọ Èkìtì ni, akọ̀wé ni ní ilé-ẹ̀kọ́ kan lẹ́bàá títì márosẹ̀ ní Aradagun, ó sì ti tó ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta. Ọṣẹ àti ìpara tó ń sè nínú ilé ìdáná rẹ̀, kì í tà wọ́n, ó kàn ń fi wọ́n tọrẹ ni. Ìnira ló bí iṣẹ́ náà. Ọjọ́rú ni ó dé Aradagun, òjò ń rọ̀, àpò kan ṣoṣo ló gbé lọ́wọ́, oṣù mẹ́rin gbáko ni kò sì rí owó ra ọṣẹ ìwẹ̀. Ọṣẹ ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ń fọ aṣọ ló fi ń wẹ̀. Awọ ọwọ́ rẹ̀ là bí ilẹ̀ tí ọ̀dá mú. Bí ó bá wọ ọ́fíìsì, á fa apá ẹ̀wù rẹ̀ wálẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Títí di òní ó lè sọ iye ibi tí awọ náà ti là: mẹ́rin ní ọwọ́ ọ̀tún, méje ní ọwọ́ òsì.

Ìyá Sagbo, tó ń gbé epo àgbọn wá láti Gberefu ní òdìkejì ọ̀sà, ló rí ọwọ́ náà lọ́jọ́ kan ní Mowo. Ó dì í mú láìtọrọ àyè.

"Ovi ṣie, ọmọ mi, ta ló sun ọ́ báyìí?"

Kò sí ẹni tó ti pe Ọlọ́ládé ní ọmọ láti ìgbà tí ó ti kúrò ní Èkìtì. Bí ó ṣe di ẹni tó ń sọdá sí Gberefu ní ọjọ́ Sátidé nìyẹn. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń rin àgbọn, bí wọ́n ṣe ń fún wàrà rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń sè é títí epo yóò fi yọ lókè. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń jó èèpo àgbọn àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà di eérú, tí wọ́n á sì da omi sí i nínú ìkòkò oníhò kí omi eérú lè máa kán sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Fúnra rẹ̀ ló wá rí ará Ṣakí tó ń ta òrí tí kò ní iyanrìn, àti ẹni tó ń ta ìda oyin. Ọlọ́kọ̀ ojú omi tó ń gbé e sọdá ti fún un ní orúkọ.

"Àǹtí Ọlọ́ràá! Ẹ bá mi po èyí tí mo máa fi pọ́n bí òyìnbó."

Ìyá Sagbo ló máa ń dá a lóhùn. "Ìwọ tó dúdú ju ìdí ìkòkò mi lọ? Àfi kí a bó ọ bí iṣu."

Gbogbo inú ọkọ̀ á bú sẹ́rìn-ín, Ọlọ́ládé náà á rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Tèmítọ́pẹ́ ni aládùúgbò rẹ̀, ògiri kan ló là wọ́n láàárín. Ọdún kẹjọ ìgbéyàwó òun àti Adékọ́lá ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ tíṣà, ni ó tó rí oyún. Lọ́jọ́ tí ikùn náà hàn, ó wá kan ilẹ̀kùn Ọlọ́ládé.

"Àǹtí Ládé, ọṣẹ yín ni a máa fi wẹ ọmọ mi o. Mo ti sọ fún Ìyá Sagbo pé òun ló máa wẹ̀ ẹ́."

Nítorí Ìyá Sagbo ló ń wẹ ọmọ tuntun fún ọ̀pọ̀ ilé ní agbègbè náà, láti Mowo títí dé Aradagun. Ọlọ́ládé ka ọ̀sẹ̀. Nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó se ọṣẹ náà, ó gé e, ó bò ó. Ọjọ́ á pé, á tún ṣẹ́ kù.

Ọmọ kò dúró. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ṣáájú àsìkò ni ó dé, ọkùnrin, ó kéré bí ọmọ ológbò. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n gbé e wálé, ọṣẹ náà sì jẹ́ ọmọ ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Ọlọ́ládé dúró níwájú àtẹ náà fún ìgbà pípẹ́. Kò fi ahọ́n tọ́ ọ wò, nítorí ó mọ ohun tí ahọ́n máa sọ. Ó tún un gún pẹ̀lú òrí àti oyin, ó ní ọ̀rá á pa agbára eérú. Nínú ọkàn rẹ̀ ó mọ̀ pé ọ̀rá kì í pa eérú lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n bí kò bá gbé nǹkan kan lọ, ọṣẹ ilé ìtajà ni wọ́n á fi wẹ ọmọ náà, ẹlòmíràn ni wọ́n á sì máa dárúkọ bí wọ́n bá ń sọ ìtàn ìbí rẹ̀. Ó bù ú sínú abọ́ ike funfun, ó gbé e lọ.

Ìyá Sagbo ti jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ọmọ wà lórí itan rẹ̀. Ó gba abọ́, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Ó ti pé?"

"Ó ti pé, Màmá."

"Ogójì?"

"Ó tilẹ̀ lé."

Ìyá àgbà náà mi orí. "Ìwọ ni mo kọ́, n kò ní tún un tọ́ wò." Ó bu ọṣẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí fọ ẹ̀yìn ọmọ.

Ní ọjọ́ kẹjọ wọ́n sọ ọmọ náà ní Olúwagbọ́tèmi. Olùṣọ́-àgùntàn ìjọ Mẹ́tọ́díìsì gbàdúrà, wọ́n kọrin, wọ́n jẹun. Ìyá Adékọ́lá, tí gbogbo ilé ń pè ní Màmá Ajíbóyè, tó wá láti Ọ̀yọ́, ló bọ́ aṣọ ọmọ náà lẹ́yìn ìkómọ láti pààrọ̀ rẹ̀. Igbe rẹ̀ dé ilé kẹta. Ọrùn ọmọ ti bó. Abẹ́ apá ti bó. Kọ̀rọ̀ itan rẹ̀ pupa bí ẹran.

Nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ ẹ́ wò ní ilé ìwòsàn bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fi ń wẹ̀ ẹ́, ó ní ohun tó gbóná tàbí ohun tó le ló ṣe é. Ó fún wọn ní ìpara, ó ní ọmọ náà á yè, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pẹ́ ọjọ́ méjì sí i ni, òun kò mọ̀. Nínú ọ̀rọ̀ méjì tí nọ́ọ̀sì sọ, ohun tó gbóná nìkan ni Màmá Ajíbóyè gbé wálé.

Ní ọjọ́ kejì, bí Ìyá Sagbo ṣe wọ inú ọgbà, Màmá Ajíbóyè pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o! Ṣé adìẹ lẹ rò pé ẹ ń bó ni, tí ẹ fi ń da omi gbígbóná sí ọmọ lọ́rùn?"

"Màmá, mo ti wẹ ọmọ tó ju igba lọ. Ìgbọ̀nwọ́ mi ni mo fi ń tọ́ omi wò kó tó kan ọmọ."

"Ìgbọ̀nwọ́ tó ti gbó! Kí ló tún lè mọ̀?"

Adékọ́lá jáde, ojú rẹ̀ wú. "Ẹ ṣeun, Màmá. A dúpẹ́. Ẹ má wá mọ́."

Ọlọ́ládé dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn tirẹ̀, ìgbálẹ̀ ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń gbá ibi tí ó ti gbá tẹ́lẹ̀. Ìyá Sagbo wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó fi ìró nù wọ́n, ó yí padà. Bí ó ṣe ń kọjá, ó kí Ọlọ́ládé bí ó ti máa ń kí i. Kíkí yẹn ló dùn ún jù.

Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ rìn láàárín Aradagun sí Mowo. Ilé mẹ́ta tí ọmọ tuntun wà ní Mowo ránṣẹ́ sí Ìyá Sagbo pé kó dúró sílé ná. Ní ọjọ́ Sátidé, Ọlọ́ládé dé èbúté, kò rí i níbi tó ti máa ń gbé epo sọ̀kalẹ̀. Ọlọ́kọ̀ kò pè é ní Àǹtí Ọlọ́ràá.

"Ẹ gbọ́ pé wọ́n ní ìyá ń bó ọmọ?" ó ní. "Èmi fúnra mi, òun ló wẹ̀ mí. Ẹ wo awọ mi."

Ọlọ́ládé kò sọdá. Ó padà sílé, ó mú ìyókù ọṣẹ náà, ó fi ahọ́n tọ́ ọ. Ó ta á dé gbòǹgbò ahọ́n, omi jáde lójú rẹ̀. Ó sì ti tó ogún ọjọ́ báyìí. Báwo ló ṣe rí ní ọjọ́ kẹsàn-án?

Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ó gbé abọ́ náà wọ yàrá ìgbàlejò Adékọ́lá. Tèmítọ́pẹ́ ń fún ọmọ lọ́mú, Màmá Ajíbóyè ń ṣẹ́ ẹ̀fọ́.

"Tíṣà," Ọlọ́ládé ní, "kì í ṣe omi. Ọṣẹ mi ni."

Adékọ́lá rẹ́rìn-ín bí ẹni tó rẹ̀. "Àǹtí, ẹ ṣeun. A mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn ìyá yẹn. Ẹ má fi ara yín rúbọ nítorí rẹ̀."

"Àánú ló ń ṣe é," ni Màmá Ajíbóyè sọ. "Ọṣẹ tí gbogbo wa ń fi wẹ̀!"

Ọlọ́ládé ti ń retí ariwo láti òru ọjọ́ kan sí èkejì. Kò retí pé wọ́n á yìn ín. Ilẹ̀kùn kan tún ṣí sílẹ̀ fún un láti gba ibẹ̀ sá lọ. Kó kàn dákẹ́, kó rẹ́rìn-ín padà, ó tán. Ó gbé abọ́ náà síwájú Adékọ́lá.

"Ẹ fi ahọ́n kàn án."

"Ọṣẹ?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Tíṣà. Díẹ̀ báyìí."

Ó fi ìka bu díẹ̀, ó fi kan ahọ́n. Ó fò dìde, ó sáré tutọ́ síta láti ojú fèrèsé, ó pe omi. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

"Èyí tí ẹ̀yin ń fi wẹ̀ ti pé kó tó dé ọwọ́ yín," ni Ọlọ́ládé wí. "Èyí kò pé. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni mo fún un kí n tó gbé e wá."

Tèmítọ́pẹ́ yọ ọmú lẹ́nu ọmọ. Ohùn rẹ̀ kò ga. "Ìyá Sagbo bi yín ní ọjọ́ yẹn. Mo wà níbẹ̀. Ó ní, ṣé ó ti pé?"

"Ó bi mí."

"Kí lẹ sọ fún un?"

"Mo ní ó ti lé ní ogójì."

"Ọdún mẹ́jọ, Àǹtí." Ó tún un sọ: "Ọdún mẹ́jọ." Ó dìde, ó wọ yàrá, ó kó gbogbo ohun tí Ọlọ́ládé ti fún un láti ọdún yìí wá, ìpara òrí, epo irun, ọṣẹ osùn, ó kó wọn sínú ọ̀rá ìtajà kan, ó sì gbé e síwájú Ọlọ́ládé. "Ẹ máa kó wọn lọ."

Màmá Ajíbóyè kò gbé ojú sókè kúrò lórí ẹ̀fọ́ náà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà, Ọlọ́ládé sọdá sí Gberefu. Ìyá Sagbo ń rin àgbọn lábẹ́ àtíbàbà, ìró òkun ń dún lẹ́yìn ilé. Ọlọ́ládé kúnlẹ̀ sórí iyanrìn, ó sọ gbogbo rẹ̀ tán láìdúró, kí ẹ̀rù má baà dá a dúró láàárín.

Ìyá àgbà náà ń rin àgbọn rẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, ó na ọwọ́ méjèèjì. Àárín ìka rẹ̀ ti bó, awọ tuntun ń hù níbẹ̀.

"Láti ọjọ́ kejì ni ọwọ́ yìí ti ń jó mi," ó ní. "Mo ní kí ló ń jó mi? Ládé ní ọṣẹ ti pé. Ládé kì í purọ́ fún mi. Ó ní láti jẹ́ pé ogbó ti dé bá ọwọ́ mi, tàbí pé omi gbóná lóòótọ́ tí n kò mọ̀ mọ́. Ìgbọ̀nwọ́ tó ti gbó, wọ́n wí bẹ́ẹ̀. Mo gbà wọ́n gbọ́." Ó fa ọwọ́ náà padà. "O jẹ́ kí n gbà wọ́n gbọ́."

"Màmá, ẹ dárí jì mí."

"Ìyẹn ń bọ̀ tàbí kò bọ̀, n kò tíì mọ̀." Ó da àgbọn rírin sínú abọ́, ó bò ó, ó gbọn ìró rẹ̀. "Ilé mẹ́ta ni, ní Mowo. Èmi kò ní ẹnu tí mo fi máa sọ ọ́ fún wọn. Dìde."

Nínú ọkọ̀, wọn kò jókòó pọ̀. Ìyá Sagbo wà níwájú, ó kẹ̀yìn sí i. Ọlọ́kọ̀ wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kò bá wọn ṣàwàdà.

Ilé àkọ́kọ́ jẹ́ ilé alájà kan tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé. Obìnrin tó ṣílẹ̀kùn gbé ọmọ jòjòló sí èjìká. Bí ó ṣe rí Ìyá Sagbo, ó bẹ̀rẹ̀ sí fa ilẹ̀kùn padà.

"Màmá, a ti ránṣẹ́ sí yín, àbí ẹ kò gbọ́ ni?"

Ìyá Sagbo sún sí ẹ̀gbẹ́ kan kí Ọlọ́ládé lè bọ́ síwájú.

"Ẹ má tíì tilẹ̀kùn, Ìyá ọmọ," ni Ọlọ́ládé wí. "Èmi ni Ọlọ́ládé, ará Aradagun. Èmi ni mo se ọṣẹ tó bó ọmọ náà. Ìyá yìí béèrè lọ́wọ́ mi, mo sì purọ́ fún un."