Ohùn Láti Vadsø

Ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, báńkì àwọn apẹja ní kọ̀ǹpútà gìrìwò kan ní Bergen, ó sì ní òmíràn ní Vadsø, lókè pátápátá ní àríwá orílẹ̀-èdè Norway. Sọ́fítíwíà méjì ló wà nílẹ̀ tó lè mú kí wọ́n máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Borghild ni wọ́n ní kó máa fi méjèèjì fi àkọsílẹ̀ báńkì ránṣẹ́ láti Bergen, kí Oddvar máa gbà á ní Vadsø, kí wọ́n lè mọ èyí tó dáa jù.

Borghild ò rí Oddvar rí. Ohùn rẹ̀ lórí tẹlifóònù nìkan ló mọ̀.

Sọ́fítíwíà àkọ́kọ́ yára bí àṣá, àmọ́ bí ìjì bá ti já wáyà, gbogbo ẹrù tó gbé á dànù, Borghild á sì pe Oddvar kí wọ́n tó tún un bẹ̀rẹ̀.

"Ó ti dé àbí kò tíì dé?" Borghild á bi í.

"Ó kú sọ́nà. Àfàìmọ̀ kí ẹja má ti gbé e mì."

"Ẹja yín ti yó jù. Ó yá, òmíràn ń bọ̀."

Bí wọ́n bá ń dúró, Oddvar á ròyìn bí òkun ṣe ń hó. Á ní òun yan búrẹ́dì, òun ò sì rí ẹni bá òun jẹ ẹ́. Ebi búrẹ́dì tí kò fojú rí á máa pa Borghild, tó ti di opó.

Ìkejì ń rọra rìn ní tiẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wáyà bá já, ibi tó dúró sí ló ti ń tẹ̀síwájú, kò dúró de ẹnikẹ́ni. Borghild mọ̀ pé ìkejì yìí ló dáa. Síbẹ̀, ó ń ṣe bí ẹni pé ìdánwò ṣì kù, títí ọ̀gá wọn fi bi í pé:

"Èwo ni ká rà?"

"Ìkejì ni, ọ̀gá. A ò ní máa pe Vadsø mọ́."

Ó sọ fún Oddvar.

"Ó pẹ́ tí mo ti mọ̀," ni Oddvar wí. "Mi ò kàn fẹ́ kó ti ẹnu mi jáde."

Wọ́n rà á. Iṣẹ́ ń lọ, iṣẹ́ ń bọ̀, tẹlifóònù dákẹ́. Gbogbo ìgbà tí ìjì bá jà ni Borghild ń retí kí nǹkan bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Àárò ohùn náà ń sọ ọ́ nínú òjò, ó ń sọ ọ́ nídìí oúnjẹ. Lọ́jọ́ kan tí yìnyín bo àwọn òkè tó yí ìlú ká, ó pe Oddvar.

"Borghild? Kí ló bàjẹ́?"

"Kò sí nǹkan tó bàjẹ́."



"Jẹ́ kí n fa àga jókòó," ni Oddvar wí.