Fáànù Tí Kò Ní Apá

"Ẹ má tíì ṣí i o! Ẹ jẹ́ kí n tan fóònù mi ná."

Onígbàjámọ̀ ló ń pariwo bẹ́ẹ̀. Ó fá orí oníbàárà kan dé ìdajì, ó fi í sílẹ̀, ó sáré la títì kọjá. Oníbàárà náà tẹ̀ lé e tòun ti aṣọ funfun lọ́rùn. Kò sí ẹni tó fẹ́ kí ti ọjọ́ náà ṣẹ̀yìn òun.

Orí tábìlì Injinía tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ni ohun tí wọ́n wá wò wà: fáànù tí kò ní apá. Òrùka ńlá kan ló wà lókè rẹ̀, ìdí rẹ̀ rí róbótó bí agolo, ihò wẹẹrẹ tó ju ẹgbẹ̀rún lọ sì yí ìdí náà ká. Bí wọ́n bá tan án, atẹ́gùn á máa tú jáde lára òrùka yẹn, èèyàn á sì lè ki ọwọ́ bọ àárín rẹ̀ kí nǹkan kan má ṣe é. Owó rẹ̀ tó owó ilé ọdún kan. Ọkùnrin olówó tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń ṣe é jáde, tí àwòrán rẹ̀ gàgàrà ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ayé létí títì ńlá, ni àwọn ará àdúgbò sọ ní Alátẹ́gùn. Wọ́n ní ohun tí Ọlọ́run fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ ló ń tà fún wa.

Kò sì sí ẹni tó ń bú Alátẹ́gùn tó Bàbá Rédíò. Òun ni baba Injinía, òun ló sì kọ́ ọ níṣẹ́. Ogójì ọdún ló fi tún rédíò, áyọ́ọ̀nù àti fáànù ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù yìí kí ọwọ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ní báyìí, ọmọ ló ń ṣiṣẹ́, bàbá á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, á ki ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan, á máa sọ̀rọ̀. Lókè orí rẹ̀ lórí pẹpẹ ni àpótí súkúrúdíráfà olówó ńlá kan wà, èyí tí Injinía fi owó iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ rà fún un. Ọdún mẹ́fà rèé, àpótí náà ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi wé e. Bàbá ní ó ti dára jù láti fi ṣiṣẹ́.

Ohunkóhun tó bá ti ń lo iná, ọ̀rọ̀ Bàbá Rédíò ni abẹ gé. Láti ọdún méjì ló ti ń sọ pé: "Ẹ́ńjìnnì kan náà ni! Èyí tí mo ti ń tún ṣe látọjọ́ aláyé ti dáyé ló rà, tó kùn lọ́dà, tó fi ìpolówó bò. Ọjọ́ tí ọ̀kan bá dé orí tábìlì wa, gbogbo yín ni n ó pè, n ó sì ṣí inú rẹ̀ hàn yín."

Ọjọ́ náà dé. Tíṣà, obìnrin tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ló gbé fáànù náà wá. Ó fi aṣọ olódòdó wé e bí ọmọ tuntun. Oṣù mẹ́rin péré ló lò ó tó fi dákẹ́.

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ," ni Tíṣà wí. "Èyí nìkan ni mo fi ṣe ara mi lóore. Àwọn ọmọ mi ní wọ́n ti lù mí ní jìbìtì. Injinía, ṣé lóòótọ́ ni wọ́n lù mí?"

"Ẹ jókòó ná, Mà. Ẹ jẹ́ ká wò ó."

"Kí lẹ tún fẹ́ wò?" Onígbàjámọ̀ ti gbé fóònù sókè. "Oṣù mẹ́rin! Fáànù ìyá mi ti lo ọdún méjìlá. Òótọ́ ni pé ó ń dún bí ẹ̀rọ ìlọta, àmọ́ ó ń fẹ́! Bàbá, mo ti ń ká a o. Gbogbo àdúgbò ló máa wò ó."

Bàbá Rédíò tún fìlà rẹ̀ dé. "Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún," ó wí sí fóònù náà, "ọjọ́ kan ni òótọ́ á lé e bá. Ọmọ mi, ṣí i."

Injinía tẹ́ aṣọ dúdú sórí tábìlì. Bí baba rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nìyẹn: bí o bá ti ń tú súkúrù, máa tò ó sórí aṣọ bó ṣe ń jáde, kí ọ̀kan má baà ṣẹ́ kù sí ọ lọ́wọ́ nígbà tí o bá ń dè é padà. Nínú fáànù tí wọ́n mọ̀, èèyàn lè bá súkúrù oríṣi márùn-ún, gígùn, kúkúrú, oní-ìlà, oní-àgbélébùú, bíi pé inú agolo ìdọ̀tí ni wọ́n ti ṣà wọ́n. Ó tú ọ̀kan, ó tú méjì. Nígbà tó tú ìkẹsàn-án, ó dúró.

"Bàámi, bákan náà ni gbogbo wọn."

"Kí ló rí bákan náà?"

"Orí wọn. Olórí ìràwọ̀ ni gbogbo wọn. Súkúrúdíráfà kan ṣoṣo ni mo fi tú u látòkè délẹ̀."

 Bàbá Rédíò sún mọ́ iwájú lórí bẹ́ǹṣì.

Injinía fa ẹ́ńjìnnì náà jáde. Kò ju ọsàn lọ. Apá wẹẹrẹ kan, tó fẹ́lẹ́ bí ewé, ló yí i ká.

"Àṣé ó ní apá!" Onígbàjámọ̀ fò sókè. "Wọ́n ní kò ní apá! Irọ́ àkọ́kọ́ rèé o!"

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín, Bàbá Rédíò náà rẹ́rìn-ín. Injinía fi ìka kan ta apá náà. Ó ń yí. Ẹ̀rín rọlẹ̀, ó ṣì ń yí. Oníbàárà olórí ìdajì sún mọ́ ọn, ó tẹ̀ba wò ó, ó ṣì ń yí, kò sì dún rárá. Orí Injinía wú. Ó ti tú fáànù tí kò níye, àmọ́ kò rí irú èyí rí. Kọ̀rọ̀ inú lọ́hùn-ún, tí ojú ẹnikẹ́ni kò ní dé láéláé, ni wọ́n dán bí wọ́n ṣe dán ìta. Ta ni wọ́n dán an dè nínú òkùnkùn yẹn? Inú rẹ̀ dùn dé ibi pé omi fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀, ojú sì tún ń tì í.

Ó yẹ wáyà wò, kò sí èyí tó já. Ó gbóòórùn ẹ́ńjìnnì, kò jóná. Kí ló wá pa á? Ó mú ìdí fáànù tó ti ṣófo, ó kọ ẹ̀yìn sí àwọn èèyàn, ó gbé e sókè sí oòrùn. Ihò tó ju ẹgbẹ̀rún lọ, ìmọ́lẹ̀ ò gba inú ọ̀kan kọjá. Ó fi èékánná ha ara rẹ̀. Nǹkan ṣí.

Ọ̀rá ni. Ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi wé e láti ilé iṣẹ́, tó lẹ̀ típẹ́típẹ́ débi pé dídán ara fáànù ni gbogbo wọn pè é. Tíṣà ò ṣí i kúrò nítorí owó rẹ̀ pọ̀. Eruku wá dí ìwọ̀nba àyè tó kù. Oṣù mẹ́rin ni nǹkan náà fi ń wá èémí, nígbà tí ara rẹ̀ sì gbóná jù, ó pa ara rẹ̀ kó má baà jóná. Kò bàjẹ́ rárá.

Injinía bó ọ̀rá náà, ó ká a sínú àtẹ́lẹwọ́. Ẹnikẹ́ni ò rí i. Bó bá sọ pé ẹ́ńjìnnì ti kú, Tíṣà á gbà, onígbàjámọ̀ á pariwo, ọ̀rọ̀ baba rẹ̀ ò sì ní bọ́ sílẹ̀. Àbí ta ló fẹ́ jẹ́ ọmọ tó já baba rẹ̀ nírọ́ lójú agbo? Ọwọ́ bàbá ti lọ, ẹnu nìkan ló kù fún un.  Ó wo Tíṣà tó di aṣọ olódòdó mú gírígírí lórí itan.

Ó rìn lọ síbi bẹ́ǹṣì, ó fi ọ̀rá náà sí baba rẹ̀ lọ́wọ́.

Bàbá Rédíò wò ó. Ó wo ihò ara fáànù. Kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀ fún un.

"Tan án," ó wí. "Kí o sì fún mi ní súkúrúdíráfà eléèkù igi yẹn."

Gbogbo wọn mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Bó ṣe máa ń yẹ ẹ̀rọ wò nìyẹn: á fi ẹnu irin kan ara ẹ́ńjìnnì, á fi èèkù igi rẹ̀ sí etí, á sì gbọ́ àìsàn tó ń ṣe é. Injinía ti ẹ́ńjìnnì náà padà sí àyè rẹ̀, ó fi iná sí i. Atẹ́gùn tú jáde, ó gbé gèlè Tíṣà, ó fẹ́ aṣọ ọrùn oníbàárà lù ú lójú. Bàbá Rédíò tẹ́tí. Ó pẹ́.

"Kí lẹ gbọ́, Bàbá?" ni onígbàjámọ̀ bi í.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Ṣé kì í ṣe etí yín ni..."

"Mò ń gbọ́ aago ọwọ́ rẹ." Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ogójì ọdún ni mo fi ń fetí sí ẹ́ńjìnnì. Gbogbo wọn ló ń ráhùn. Èyí ò ráhùn."

Onígbàjámọ̀ rọra sọ fóònù kalẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n pa fóònù yìí, Bàbá."

"Má pa á. Gbé e sókè." Bàbá Rédíò kọjú sí i. "Ọdún méjì ni mo fi bú iṣẹ́ yìí láìrí inú rẹ̀. Ẹnu mi ló ṣáájú ojú mi. Tíṣà, wọn ò lù yín ní jìbìtì. Ẹ ò jẹ́ kó mí ni." Ó na ọ̀rá náà sókè, ọ̀rá náà ń gbọ̀n pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀.

"Yéè!" Tíṣà bo ẹnu. "Èmi náà ni? Mi ò kàn fẹ́ kó dọ̀tí ni o!"

"Ó wá túmọ̀ sí pé èèyàn rere ni Alátẹ́gùn," ni onígbàjámọ̀ wí.

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Ó ń tà á wọ́n, ó wọ́n kọjá ààlà, bí mo bá sì pàdé rẹ̀, n ó sọ ọ́ lójú rẹ̀. Ẹni tó jókòó tó ní kí gbogbo súkúrù ní orí kan náà ni mò ń sọ. Onítọ̀hún mọ̀ pé lọ́jọ́ kan, ẹnì kan bíi tiwa máa tú u. Kò mọ̀ wá rí, ó sì rò wá mọ́ ọn."

 Oníbàárà fọwọ́ pa apá ibi tí wọn ò tíì fá lórí rẹ̀, ó rán onígbàjámọ̀ létí, wọ́n sì lọ.

Injinía ń to fáànù náà padà. Ó ti de súkúrù mẹ́jọ nígbà tó gbọ́ ohùn baba rẹ̀.

"Bá mi gbé àpótí yẹn wá."

Ó gbé e sọ̀ kalẹ̀ lórí pẹpẹ, ó nu eruku rẹ̀, ó gbé e lé itan bàbá. Bàbá Rédíò fi eyín fa ọ̀rá rẹ̀ ya. Ó yan olórí ìràwọ̀ láàárín wọn, ó fi kan súkúrù tó kù. Ó tàsé. Ó tún tàsé. Injinía ò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó kàn di fáànù náà mú ṣinṣin. Ní ìgbà kẹta, ó wọlé. Bàbá ń yí i díẹ̀díẹ̀, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀, títí ó fi le.

"Ó yẹ kí n ti máa lò ó," ó wí.

"Ó yẹ bẹ́ẹ̀, Bàámi."

Bàbá nu súkúrúdíráfà náà mọ́ aṣọ rẹ̀, ó sì gbé àpótí náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì.

"Lọ́la," ó wí, "fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ dè mí. Kékeré ni o."