Afẹ́fẹ́ Tí Bàbá Yusrah Ń Kà

Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Kí ló le nínú ìyẹn? Asher kò ní kí n kọ ìwé ìtàn. Òun ni olórí ikọ̀ ìbọn wa, ó sì fẹ́ mọ̀ kí a tó dé pápá: ṣé Bàbá Yusrah ṣì lè ka afẹ́fẹ́ fún wa níbi ìdíje òní, àbí kí òun fi ẹlòmíràn sípò wọn? Mo ti tẹ bẹ́ẹ̀ kọ́ sórí fóònù. Ó wà níbẹ̀, ó ń wò mí. Mi ò tíì fi ránṣẹ́.

Bàbá Yusrah ò tíì jáde. Mo jókòó sínú mọ́tò níwájú ilé wọn, ẹ̀yìn Rye Lane níbí, ọkọ̀ akólẹ̀ sì ti fọn fèrè mọ́ mi lẹ́ẹ̀kan. Ìbọn wà nínú àpótí rẹ̀ ní bùútù, ìwé àṣẹ wà lápò mi. Ìyàwó mi, Kánsọ́lá, máa ń sọ pé, "Báyọ̀, of all the sports in this London, èyí tí police máa fi dá ẹ dúró lo lọ mú." Kò purọ́. Ṣùgbọ́n Bàbá Yusrah ló mú mi wọ ẹgbẹ́ eré ìbọn náà, àwọn ló kọ́ mi bí a ṣe ń dojú bolẹ̀ yìnbọn, àti bí a ṣe ń mí. Àwọn náà sì ni mo fẹ́ fi bẹ́ẹ̀ kọ́ yìí lé lọ.

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀. Lífìtì ni mo ń tún ṣe, lífìtì àwọn ilé gíga council, láti Stockwell dé Brockley. Tí lífìtì bá kọ̀ tí kò gbéra, a kì í bú u. A máa ń yẹ nǹkan wò lọ́kọ̀ọ̀kan títí èyí tó bàjẹ́ á fi jẹ́wọ́ ara rẹ̀.

Ohun tó bàjẹ́ níhìn-ín ni pé ọta mi ń yà sọ́tùn-ún sósì kúrò láàárín pátákó tí à ń yìn. Ìbọn náà ńkọ́? Rárá. Mo gbé e lé àpò yanrìn lóṣù tó kọjá, níbi tí afẹ́fẹ́ kankan kò sí, àwọn ihò tó lù súnmọ́ra débi pé kọ́ìnì kan bò wọ́n. Ọta? Inú páálí kan náà la ti ń mú un. Ọta tí ẹ̀tù rẹ̀ kò dọ́gba, òkè àti ìsàlẹ̀ ló máa ń bà, kì í yà sọ́tùn-ún sósì. Èémí mi náà, òkè àti ìsàlẹ̀ ni. Ìlù ọkàn mi... mo ti sún okùn awọ tó so ìbọn mọ́ apá mi sókè, kò gbọ̀n mọ́. Ọ̀pá ìbọn tó gbóná? À ń jẹ́ kó tutù. Ó wá ku afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ nìkan ló ń tì í sọ́tùn-ún sósì báyẹn.

Ẹgbẹ̀rún yáàdì kì í ṣe eré. Bí ẹni dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ Rye Lane, tó fẹ́ ba nǹkan ní òpin rẹ̀ ni. Kí ọta tó débẹ̀, atẹ́gùn tí kò lè gbé fìlà lórí ènìyàn ti tì í kúrò nínú òbìrí dúdú àárín pátákó. Ẹni tó ń yìnbọn kì í sì í wo atẹ́gùn. Ojú ìbọn ló ń wò. Ẹni tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ ló ń fi awò tó ń mú ọ̀nà jíjìn súnmọ́ wo àsíá tí atẹ́gùn ń fẹ́ lórí pápá, tó ń wo ooru tó ń gbọ̀n lórí koríko, tó sì ń sọ bí a ó ṣe yí ojú ìbọn. Bí ìbọn bá ti dún báyìí, kí pátákó tó fi ibi tó bà hàn, Bàbá Yusrah á béèrè: "Níbo ló wà nígbà tó jáde?" Èmi á sọ ibi tí mo dojú ìbọn kọ gan-an. Wọ́n á fi ohun tí mo sọ wé ohun tí pátákó sọ. Ohun tó bá ṣẹ́kù láàárín méjèèjì, iṣẹ́ afẹ́fẹ́ nìyẹn. "Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀," wọ́n á sì rẹ́rìn-ín.

Wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Láti ìgbà ooru yìí ni. Wọ́n á ní kí n yí i sósì, ọta á lọ sósì jù. Wọ́n á dín in kù, á lọ sọ́tùn-ún. Wọ́n á bọ́ awò ojú wọn, wọ́n á nù ún, wọ́n á tún nù ún. "Báyọ̀, àsíá yẹn, ó wálẹ̀ àbí kò wálẹ̀? Is it me ni?" Mo ní, "Ó ń ṣe ségesège lónìí, sà." Kí ni ǹ bá tún sọ? Wọ́n lọ rí dókítà ojú. "Wọ́n ní ojú mi fine. No cataract, kò sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n Báyọ̀, pátákó kì í purọ́." Mo ní a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mi ò gbà wọ́n gbọ́. Mo ní nínú ọkàn mi pé àgbà tó fi gbogbo ayé rẹ̀ wa bọ́ọ̀sì lórí Old Kent Road kò ní fẹ́ jẹ́wọ́ pé ojú òun ti ń lọ. Àmọ́ ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n fún Yusrah ọmọ wọn ní kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wọn. Wọ́n ní àwọn ò wakọ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi wá gbé wọn.

Ó dùn mí. Mi ò ní pa á mọ́ra, ó dùn mí gan-an. Nítorí náà ni mo ṣe ń ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ìrànlọ́wọ́ kékeré ni. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ìgbà ooru ṣe ń wọlé, nígbà tí wọ́n dé láti Ìsẹ́yìn, tí wọ́n lọ sin ẹ̀gbọ́n wọn. Ọkàn wọn ò sí ní pápá lọ́jọ́ náà. Afẹ́fẹ́ yí, wọn ò rí i, ọta mi lọ ba etí pátákó. Asher, ọmọ àná, sì pariwo lójú gbogbo ènìyàn: "Wake up, mate!" Mate! Ẹni tó bí Yusrah, tí Yusrah fúnra rẹ̀ ti di abiyamọ. Ojú tì mí fún wọn. Nígbà tí èyí tó tẹ̀lé e kàn, mo yọjú wo àsíá, mo rí i pé ohun tí wọ́n sọ kò tó, mo wá rọra gbé ìbọn sósì díẹ̀ kí n tó yìn ín. Ó bọ́ sáàárín gbùngbùn. Wọ́n ní, "Níbo ló wà?" Mo ní, "Àárín ni, sà." Wọ́n mi orí, ojú wọn tún mọ́lẹ̀. Inú mi dùn títí mo fi délé. Ta ni kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ fún àgbà? Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà...

Láti ìgbà náà, bí mo bá ti rò pé wọ́n ti ṣìnà, mo máa ń fi tèmi kún un. Kì í ṣe gbogbo ìgbà. Ìgbà tí mo bá...

Dúró ná.

Òsì ni mo dojú ìbọn kọ. Àárín ni mo sọ. Àárín ló bà. Kí ni wọ́n wá gbọ́? Wọ́n gbọ́ pé afẹ́fẹ́ rí bí wọ́n ṣe kà á. Kò sì rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí afẹ́fẹ́ wá rọlẹ̀, wọ́n rí i, wọ́n yọ iye tó yẹ kúrò — lára irọ́ mi ni wọ́n ti yọ ọ́. Ọta yẹn, mi ò fi tèmi kún un. Ó lọ sọ́tùn-ún. Wọ́n ní àṣé afẹ́fẹ́ ò rọlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ àsíá rọlẹ̀, ojú wọn rí i pé ó rọlẹ̀! Wọ́n fi kún un, èmi náà fi tèmi lé e, ó fò lọ sósì. Ẹni tí ojú rẹ̀ ń sọ ọ̀kan, tí pátákó ń sọ òmíràn, kí ni yóò ṣe?

Yóò nu awò ojú rẹ̀.

Mo máa ń rí i níbi iṣẹ́, kí ló ṣe mí tí mi ò rí èyí? Tí ohun tó ń sọ fún lífìtì pé ó ti dé bá ń purọ́, agbedeméjì àjà ni lífìtì á máa dúró sí, ẹ̀rọ tó ń gbé e á sì wà ní pípé. A kì í pààrọ̀ ẹ̀rọ náà. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni Bàbá Yusrah ṣi afẹ́fẹ́ kà, ìgbà tí wọ́n dé láti ibi ìsìnkú ẹ̀gbọ́n wọn. Gbogbo ìyókù... èmi ni. Dókítà ojú ò ṣì í. Bàbá ò purọ́ fún mi. Pátákó ni wọ́n gbà gbọ́ ju ojú ara wọn lọ, torí wọn ò mọ̀ pé ọwọ́ mi wà nínú ohun tí pátákó ń sọ. Nítorí irọ́ mi ni wọ́n ṣe fi mọ́tò wíwà sílẹ̀. Mo pè é ní ọ̀wọ̀!

Mo ń pa bẹ́ẹ̀ kọ́ rẹ́ lórí fóònù. Kò nira. Bẹ́ẹ̀ ni náà kò nira láti tẹ̀. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni lásán ò tó, torí bí mo bá dojú bolẹ̀ lónìí, wọ́n á tún béèrè ibi tó wà nígbà tó jáde. Kí a tó débẹ̀, nínú mọ́tò yìí, mo ní láti sọ fún wọn pé gbogbo àárín tí mo ń sọ kì í ṣe àárín. Ẹnu wo ni n ó fi sọ ọ́?

Ilẹ̀kùn ṣí. Àwọn nìyẹn, pẹ̀lú àga pápá wọn lábẹ́ apá. Oòrùn mọ́lẹ̀ kedere lórí àtẹ̀gùn. Wọ́n di irin rẹ̀ mú, wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, wọ́n sì ń rọra fi bàtà wá ilẹ̀ — ilẹ̀ tí ojú wọn rí.